Kí ló yẹ kí n yẹ̀ wò kí n tó ra dóméènì àlòkù?

Ọlọ́jàTuntun béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí. Mo fẹ́ dá ìkànnì kan sílẹ̀ tí a ó ti máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ní ìṣirò, ṣùgbọ́n orúkọ tó wù mí jù lọ ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo kọ̀wé sí ẹni tó ni ín, ó sì fèsì pé òun ṣe tán láti tà á. Ó ní ọdún 2009 ni wọ́n ti ń lo dóméènì náà, pé ó mọ́ tónítóní, pé ọjọ́ orí rẹ̀ nìkan á jẹ́ kí Google tètè gbé ìkànnì mi sókè. Ó tún fi àwòrán kan ránṣẹ́ tó fi hàn pé irinṣẹ́ kan tí wọ́n fi ń díwọ̀n agbára ìkànnì fún un ní máàkì tó ga. Ohun tó fẹ́ ni pé kí n san owó tààrà sínú àkáǹtì òun ní báńkì, kí òun sì fún mi ní páásíwọ̀ọ̀dù ibi tí òun ti forúkọ dóméènì náà sílẹ̀.

Iye tó pè é kì í ṣe owó kékeré lójú mi. Dóméènì tuntun nìkan ni mo sì máa ń rà, n kò ra èyí tí ẹnikẹ́ni ti lò rí. Ẹ jọ̀wọ́, kí ló yẹ kí n yẹ̀ wò kí n tó fọwọ́ sí ohunkóhun, báwo ni mo sì ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi láì gbára lé ọ̀rọ̀ ẹnu olùtà? Ṣé òótọ́ sì ni pé bí dóméènì bá ti pẹ́, ó ti ní àǹfààní lórí tuntun?

Akọ̀wéSáfà fèsì:

Ẹ kú ìbéèrè, inú mi dùn pé ẹ béèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí kúrò nílẹ̀. John Mueller, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ Google, ti sọ ọ́ ní gbangba pé ọjọ́ orí dóméènì kò ran ìkànnì lọ́wọ́ nínú èsì ìṣàwárí. Ohun tó ń ran ìkànnì àtijọ́ lọ́wọ́ ni iṣẹ́ rere tó ti ṣe, àwọn ìkànnì mìíràn tó ń tọ́ka sí i nítorí iṣẹ́ náà, àti àwọn òǹkàwé tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n mọ iṣẹ́ yẹn. Bí ẹnì kan bá wá fi dóméènì ṣe jìbìtì fún ọdún mẹ́wàá, ọdún mẹ́wàá jìbìtì náà ni ẹni tó rà á ń gbé lọ sílé. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ìdí nìyí tí mo fi máa ń wo ìtàn dóméènì kí n tó wo bí orúkọ rẹ̀ ṣe dùn tó lẹ́nu.

Ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ lọ ni Wayback Machine, tí Internet Archive ṣí fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 2001, tó sì wà ní web.archive.org. Ẹ tẹ dóméènì náà síbẹ̀, kàlẹ́ńdà á jáde tó ń fi àwọn ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán ìkànnì náà pamọ́ hàn. Ẹ má ṣe wo ọdún àkọ́kọ́ àti ọdún yìí nìkan, nítorí àárín ni ewu máa ń fara pamọ́ sí. Ẹ ṣí ojú-ìwé kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán, kí ẹ sì tẹ àwọn líǹkì inú rẹ̀ láti mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Bí èdè ìkànnì tàbí ohun tó ń sọ̀rọ̀ lé lórí bá yí padà lójijì, bí àlàfo gígùn bá wà tí kò sí àwòrán kankan, tàbí bí ojú-ìwé bá kàn ń darí òǹkàwé gba ibòmíràn lọ, ẹ dúró níbẹ̀ kí ẹ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Oníbàárà kan ní kí n bá òun yẹ irú dóméènì bẹ́ẹ̀ wò rí. Ìkànnì ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ ẹyẹ ni níbẹ̀rẹ̀, àwòrán ẹyẹ àti ọjọ́ ìpàdé ló kún inú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ dáwọ́ dúró fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó tún fara hàn, àwòrán ẹyẹ kan náà ṣì wà lókè ojú-ìwé, orúkọ ẹgbẹ́ ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, bí ẹni pé kò sí ohun tó yí padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yí ojú-ìwé náà dé ìsàlẹ̀ pátápátá tí mo sì fi atọ́ka fa ilà lórí ibi tó dà bí òfìfo, ọ̀rọ̀ funfun kéékèèké lórí ilẹ̀ funfun ló jáde síta, líǹkì sí ìkànnì tẹ́tẹ́ ni gbogbo wọn. Ẹgbẹ́ ti fi dóméènì náà sílẹ̀ tipẹ́, ẹlòmíràn ló gbé aṣọ wọn wọ̀. Ẹni tó bá wo òkè ojú-ìwé nìkan kò lè rí i láéláé.

Bí Wayback Machine bá sọ fún yín pé wọ́n ti yọ dóméènì náà kúrò nínú ohun tí wọ́n ń fi hàn, ẹ bi olùtà léèrè ìdí rẹ̀. Oníkànnì lè béèrè fún irú ìyọkúrò bẹ́ẹ̀ nítorí ohun tó bófin mu, nítorí náà kì í ṣe ẹ̀rí ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé ẹ kò ní rí ìtàn náà kà, ó sì yẹ kí iye tí ẹ ó san dínkù nítorí ohun tí ẹ kò lè rí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí Google, kí ẹ tẹ site: kí dóméènì náà sì tẹ̀ lé e láìsí àyè láàárín wọn. Bí ìkànnì gidi bá wà lórí dóméènì náà lónìí tí Google kò sì mú ojú-ìwé kan ṣoṣo jáde, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ojú-ìwé «a ń tà á» nìkan ló wà lórí rẹ̀, àìrí èsì kò fi bẹ́ẹ̀ sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ojú-ìwé tí ẹ kò rí lórí ìkànnì náà rárá bá jáde, ní èdè tí kò bá a mu, àmì pé wọ́n ti gbógun ti sáfà rẹ̀ (kọ̀ǹpútà tí ìkànnì náà wà lórí rẹ̀) rí tàbí pé wọ́n ti fi ṣe spam, ìyẹn ìpolówó ẹ̀tàn, ni.

Ní ti máàkì tí olùtà fi ránṣẹ́, ilé-iṣẹ́ bíi Ahrefs, Majestic àti Semrush ló ń ṣe irú ìdíwọ̀n bẹ́ẹ̀ fúnra wọn, kì í ṣe ti Google, ẹni tó bá sì fẹ́ lè ra ẹgbẹẹgbẹ̀rún líǹkì yẹpẹrẹ láti gbé e sókè. Ẹ pa máàkì tì, kí ẹ lo irinṣẹ́ kan náà láti wo líǹkì fúnra wọn: àwọn wo ló ń tọ́ka sí dóméènì náà, ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n sì gbé líǹkì náà lé? Bí ilé-ẹ̀kọ́, ilé-ìkàwé àti àwọn olùkọ́ bá ń tọ́ka sí i, ìyẹn ni ọrọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé líǹkì lé bá jẹ́ orúkọ oògùn, tẹ́tẹ́ àti owó yíyá, ẹ má jẹ́ kí máàkì tó ga tàn yín jẹ.

Ohun kan wà tí ẹ kò lè rí láti ìta rárá, ìyẹn ni ìjìyà tí òṣìṣẹ́ Google fọwọ́ ara rẹ̀ fi lélẹ̀ fún ìkànnì tó rú òfin. Inú Search Console, irinṣẹ́ tí Google ṣe fún àwọn oníkànnì, ní abala Manual Actions, ni wọ́n ti ń kọ ọ́, ẹni tó ni ìkànnì àti ẹni tó bá fún láyè nìkan ló sì lè kà á. Ẹ ní kí olùtà fi yín kún un gẹ́gẹ́ bí ẹni tó lè wò ó lásán láìlè yí nǹkan kan padà. Ẹ má gba àwòrán, nítorí ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń gbà láti tún àwòrán ṣe. Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ wo abala Removals pẹ̀lú, nítorí bí olóhun àtijọ́ bá ti ní kí Google fi ojú-ìwé kan pamọ́ fún ìgbà díẹ̀, ìbéèrè náà máa ń wà fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà.

Ẹ tún mọ̀ pé ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Google fi kún òfin rẹ̀ lórí spam pé ìwà àìtọ́ ni kí ènìyàn ra dóméènì tí àkókò rẹ̀ ti parí, kí ó sì kó ọ̀rọ̀ tí kò wúlò sínú rẹ̀ láti jẹ nínú iyì tí olóhun àtijọ́ ti ní. Òfin yẹn kò kan yín bí ẹ bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò tọkàntọkàn, Google fúnra rẹ̀ ló sọ pé kò sí ohun tó burú nínú lílo dóméènì àtijọ́ fún ìkànnì tuntun tí a ṣe nítorí àwọn òǹkàwé. Ó kàn túmọ̀ sí pé iyì àtijọ́ kì í ṣe ohun tó yẹ kí ẹ sanwó gọbọi lé lórí mọ́.

Ọlọ́jàTuntun fèsì:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo ti lọ wo Wayback Machine, ojú mi sì là. Láti ọdún 2009 títí di 2016, ìkànnì olùkọ́ kan ni, àwọn àdììtú ìṣirò onírísí ni ó ń kó síbẹ̀, wọ́n sì dára gan-an. Ọdún 2017 kò ní àwòrán kankan. Nígbà tó fi máa di ọdún 2019, ojú-ìwé tí wọ́n ti ń ta oògùn láìsí ìwé dókítà ló wà níbẹ̀. Láti ọdún 2021 ni ó ti jẹ́ ojú-ìwé «a ń tà á». Nígbà tí mo bi olùtà, ó ní ọdún 2021 ni òun rà á ní gbàǹjo, òun kò sì mọ ohun tó wà níbẹ̀ ṣáájú. Ṣé ọ̀rọ̀ oògùn yìí ti ba dóméènì náà jẹ́ pátápátá, àbí ó ṣeé wẹ̀ mọ́? Ṣé mo sì lè lo àwọn àdììtú olùkọ́ yẹn?

Olùṣọ́Lẹ́tà fèsì:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan àwọn àdììtú náà. Dóméènì ni ẹ ń rà, ẹ kò ra ohun tí olùkọ́ náà kọ. Ẹni tó kọ ọ́ ṣì ni ó ni ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, bí ó tilẹ̀ ti fi dóméènì sílẹ̀. Bí ẹ bá lè rí i, ẹ kọ̀wé sí i láti gba àyè.

Ojú-ìwé oògùn ọdún 2019 ló mú mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ètò ímeèlì ni iṣẹ́ mi. Àwọn tó ń ta oògùn lọ́nà bẹ́ẹ̀ kì í dúró lórí ìkànnì nìkan, wọ́n máa ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn tí kò béèrè fún un, àwọn tó ń dáàbò bo àpótí ímeèlì sì máa ń kọ dóméènì wọn sílẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nínú àkójọ tí Spamhaus ń pè ní DBL, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ SURBL. Bí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ọ̀kan nínú wọn, lẹ́tà tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí ọmọ lè má dé ọ̀dọ̀ wọn rárá, ẹnikẹ́ni kò sì ní sọ fún yín. Ẹ tẹ dóméènì náà sí ojú-ìwé Safe Browsing tó wà nínú Transparency Report Google pẹ̀lú, ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá bùráúsà máa ń gbé ìkìlọ̀ pupa sókè fún ẹni tó bá fẹ́ ṣí i.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún irú iṣẹ́ tiyín, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń gbàgbé, ni ẹ̀rọ tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ fi ń dí ìkànnì tí kò yẹ kí ọmọdé rí. Ẹ̀rọ wọ̀nyí máa ń pín gbogbo dóméènì sí ìsọ̀rí: ẹ̀kọ́, ìròyìn, tẹ́tẹ́, oògùn, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ti kọ dóméènì yín sí abẹ́ oògùn ní ọdún 2019, ó lè wà níbẹ̀ títí di òní nítorí kò sí ẹni tó ní kí wọ́n yí i padà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ṣí ìkànnì ìṣirò yín nílé, kò ní ṣí ní ilé-ẹ̀kọ́, ẹ ó sì máa rò pé sáfà yín ló ń ṣàìsàn. FortiGuard àti Cisco Talos ní ojú-ìwé tí ẹnikẹ́ni ti lè wo ìsọ̀rí tí dóméènì wà, tí ó sì ti lè béèrè àtúnṣe. Ó ṣeé wẹ̀ mọ́, àmọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ẹ sì máa kọ̀wé sí. Lójú tèmi, ìyẹn ni ìdí tó lágbára jù láti má ra dóméènì yìí ní iye tí olùtà pè é.

Ẹ lọ sí crt.sh náà, kí ẹ tẹ dóméènì yẹn síbẹ̀. Gbogbo ìwé-ẹ̀rí TLS (èyí tí bùráúsà fi ń mọ̀ pé ìkànnì gidi ni òun ń bá sọ̀rọ̀) tí àwọn bùráúsà ńlá gbà gbọ́ ni wọ́n máa ń kọ sínú ìwé gbangba, ibẹ̀ sì ni ẹ ti lè rí àwọn orúkọ tó ti wà lábẹ́ dóméènì náà rí. Bí ẹ bá rí orúkọ bíi login tàbí secure tí orúkọ báńkì kan tẹ̀ lé, ó ṣeé ṣe gan-an pé wọ́n ti fi jí páásíwọ̀ọ̀dù àwọn ènìyàn rí, kódà bí Wayback Machine kò bá ya àwòrán rẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ tí ìwé-ẹ̀rí tó kẹ́yìn máa parí pẹ̀lú, torí ẹni tó bá ṣì ní kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ ìwé-ẹ̀rí tí àkókò rẹ̀ kò tíì parí lè rí ọgbọ́n dá láti fi ara rẹ̀ hàn bí ẹ̀yin. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, ìwé-ẹ̀rí tuntun kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 398 lọ, láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2026 sì ni wọ́n ti gé e sí ọjọ́ 200. Bí èyí tó wà lọ́wọ́ olóhun àtijọ́ bá ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí dóméènì bá di tiyín, ẹ lè ní kí àwọn tó fún un ní ìwé-ẹ̀rí náà fagi lé e.

Nǹkan mìíràn tún ni pé àwọn tó mọ dóméènì náà tẹ́lẹ̀ kò ní mọ̀ pé ó ti bọ́ sọ́wọ́ yín. Ní ọdún 2024, àwọn olùwádìí ní ilé-iṣẹ́ watchTowr ra dotmobiregistry.net ní 20 dọ́là, dóméènì kan tí àwọn alábòójútó .mobi ti lò fún sáfà WHOIS wọn (ibi tí a ti ń béèrè ìwífún nípa dóméènì) tí wọ́n sì jẹ́ kí àkókò rẹ̀ parí. Kíá ni ó lé ní 135,000 ẹ̀rọ tó kọ̀wé sí sáfà tuntun wọn, nítorí kò sí ẹni tó sọ fún àwọn ẹ̀rọ náà pé olóhun ti yí padà. Tiyín kò lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà tí wọ́n kọ sí olùkọ́ yẹn lè máa wọlé sí ọ̀dọ̀ yín, títí kan èyí tí wọ́n fi ń tún páásíwọ̀ọ̀dù ṣe. Ẹ má ṣe ṣí àpótí tó ń gba gbogbo lẹ́tà láìka orúkọ sí. Àdírẹ́sì tí ẹ nílò nìkan ni kí ẹ dá, kí ìyókù máa padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ àṣírí ẹlòmíràn ni, kì í ṣe ara ohun tí ẹ rà.

ÌyáÀdéhùn fèsì:

Àwọn tó ṣáájú mi ti sọ̀rọ̀ ìtàn dóméènì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀tọ́ àti owó, nítorí ọ̀nà tí olùtà yìí fẹ́ gbà gba owó ń kọ mí lóminú.

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí lookup.icann.org. Láti ọjọ́ 28 oṣù Kìíní ọdún 2025 ni ICANN, àjọ tó ń bójú tó orúkọ dóméènì lágbàáyé, ti fi RDAP, ọ̀nà tuntun láti béèrè ìwífún dóméènì, rọ́pò WHOIS fún àwọn dóméènì bíi .com, .net àti .org. Ẹ kò ní rí orúkọ ẹni tó ni ín, nítorí láti ìgbà tí òfin Yúróòpù lórí àṣírí ara ẹni ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018 ni wọ́n ti ń bo ọ̀pọ̀ jù lọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ ń wá níbẹ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n dá dóméènì náà sílẹ̀. Bí wọn kò bá sanwó dóméènì, tí àsìkò tí registrar (ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti forúkọ dóméènì sílẹ̀) fi ń ní sùúrù bá kọjá, ó máa ń wọ ipò redemptionPeriod fún ọjọ́ 30, níbi tí olóhun ṣì ti lè gbà á padà, lẹ́yìn náà pendingDelete fún ọjọ́ 5, ó sì di ti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá jù. Ẹni tó bá gbà á lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ tuntun ni wọ́n máa kọ fún un. Nítorí náà, bí wọ́n bá kọ ọdún tó wà lẹ́yìn àlàfo 2017 yẹn síbẹ̀, dóméènì ọdún 2009 tí olùtà ń sọ ti kú, òmíràn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ni ó ń tà.

Ẹ ka ipò dóméènì náà lórí ojú-ìwé yẹn. Bí ẹ bá rí clientTransferProhibited, ẹ má jáyà, títì lásán ni, olùtà lè ṣí i fúnra rẹ̀. Èyí tó yẹ kó dá yín dúró ni serverHold, clientHold àti serverTransferProhibited, nítorí wọ́n sábà máa ń wà níbi tí ẹjọ́, gbèsè tàbí ìwà jìbìtì bá wà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sì í ṣe olùtà ló lè mú wọn kúrò.

Kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó, ẹ ní kí olùtà fi ọ̀rọ̀ kan tí ẹ̀yin fúnra yín yàn sínú àkọsílẹ̀ TXT dóméènì náà (ọ̀rọ̀ gbangba tí ẹni tó ní àṣẹ lórí dóméènì lè kọ mọ́ ọn), kí ẹ sì wò ó bóyá ó dé. Ẹni tí kò bá lè ṣe ìyẹn kò ní àṣẹ lórí ohun tó ń tà. Bó bá ṣe é, ó ní àṣẹ lórí rẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n kò tíì fi hàn pé òun kọ́ ló jí i. Ní ọdún 1995, ẹnì kan fi lẹ́tà ayédèrú gba sex.com kúrò lọ́wọ́ Gary Kremen, tó ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún tó ṣáájú, ó sì di ọdún 2003 kí ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kan ní Amẹ́ríkà tó là á yé gbogbo ènìyàn nínú ẹjọ́ náà pé dóméènì jẹ́ ohun-ìní tí ènìyàn lè pe ẹjọ́ lé lórí bí wọ́n bá gbà á lọ́nà àìtọ́. Bí ẹ bá ra ohun tí wọ́n jí, ẹ lè pàdánù rẹ̀ pẹ̀lú owó yín. Ẹ béèrè ìwé tí wọ́n fún olùtà nígbà tó rà á ní gbàǹjo ní 2021. Ẹni tó bá rà á lóòótọ́ kò ní ṣòro fún láti mú un jáde.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ orúkọ òwò. Láti ọdún 1999 ni ICANN ti ní ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní UDRP, tí ẹni tó ni orúkọ òwò lè fi gba dóméènì láìdé ilé-ẹjọ́, WIPO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ohun-ìní ọgbọ́n orí, sì ni ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbọ́ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé dóméènì náà jọ orúkọ òwò òun débi pé ó lè da ojú rú, pé ẹni tó mú un dání kò ní ẹ̀tọ́ sí i, àti pé ìwà àrékérekè ló wà nídìí bó ṣe gbà á àti bó ṣe ń lò ó. Ohun tí ó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé ọjọ́ tí ẹ̀yin rà á ni wọ́n máa wò láti mọ èrò ọkàn yín, kì í ṣe ọdún 2009. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ti forúkọ òwò náà sílẹ̀ ní ọdún 2014, ọjọ́ orí dóméènì kò lè gbà yín sílẹ̀. Ẹ wá orúkọ náà nínú Global Brand Database tí WIPO ṣí fún gbogbo ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ sì wo àkójọ ìdájọ́ UDRP wọn bóyá wọ́n ti ṣẹjọ́ lórí rẹ̀ rí.

Ní ti páásíwọ̀ọ̀dù, ẹ má gbà á o. Àkáǹtì tí ẹlòmíràn dá, tí ímeèlì rẹ̀ àti nọ́ḿbà fóònù rẹ̀ wà nínú rẹ̀, òun ló ni ín, yóò sì gbà á padà ní ọjọ́ tó bá wù ú. Ẹ̀yin ni kí ẹ dá àkáǹtì tiyín sílẹ̀. Bí ẹ bá dá a sọ́dọ̀ registrar tí olùtà ń lò, wọ́n lè sún dóméènì náà láti àkáǹtì kan sí èkejì, ìyẹn sì máa ń yá. Bó bá jẹ́ registrar mìíràn, olùtà á ṣí títì rẹ̀, á sì fún yín ní kóòdù ìyípadà. Ẹ mọ̀ pé lẹ́yìn irú ìyípadà bẹ́ẹ̀, registrar lè tì í mọ́ ibẹ̀ fún ọjọ́ 60, bákan náà sì ni bí orúkọ olóhun bá yí padà. Nítorí náà, ẹ yan registrar tó tẹ́ yín lọ́rùn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Kí owó gba ọ̀dọ̀ alárinà bíi Escrow.com, tó máa di owó náà mú títí ẹ ó fi sọ pé dóméènì ti wọ àkáǹtì yín. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ tẹ àdírẹ́sì alárinà náà, ẹ má tẹ líǹkì tí olùtà bá fi ránṣẹ́, nítorí àwọn oníjìbìtì máa ń kọ́ ìkànnì alárinà ayédèrú.

Ọlọ́jàTuntun fèsì:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. RDAP kọ ọdún 2018 síbẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ 2009 ti tán. Kò sí nínú àkójọ Spamhaus tàbí ti SURBL, Safe Browsing kò rí ohunkóhun, n kò sì rí orúkọ òwò tó jọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ìsọ̀rí tí mo yẹ̀ wò ṣì kọ oògùn síbẹ̀. Olùtà ti fi ọ̀rọ̀ mi sínú TXT, ó ti mú ìwé gbàǹjo jáde, ó sì gbà kí a lo alárinà. Search Console nìkan ni ó ní òun kò ní. Mo ti sọ fún un pé ìdá kan nínú mẹ́ta iye tó pè é ni mo lè san, ó ní òun ń rò ó. Bó bá gbà, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe ní ọjọ́ tí dóméènì bá dé ọwọ́ mi?

Akọ̀wéSáfà fèsì:

Ẹ ṣe é dáadáa. Iye tí ẹ pè yẹn tọ́, bí kò bá sì gbà, ẹ wá orúkọ tuntun tí ẹnikẹ́ni kò lò rí, ẹ kò pàdánù ohun ńlá kan. Ti Search Console tí kò ní, ẹ lè ní kí ó ṣí i lónìí, nítorí irú àkọsílẹ̀ TXT bẹ́ẹ̀ náà ló ń gbà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ìjìyà tó bá sì wà á fara hàn fún un. Bó bá kọ̀ láti ṣe iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ fún un lówó, èmi kò ní rà á.

Bí ó bá di tiyín, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi DNSSEC, ìyẹn ìfọwọ́sí tó ń fi hàn pé àkọsílẹ̀ dóméènì kì í ṣe ayédèrú. Bí olóhun àtijọ́ bá fi àkọsílẹ̀ DS (àmì ìfọwọ́sí náà) sílẹ̀ tí ẹ sì yí nameserver, sáfà tó ń tọ́ka ibi tí dóméènì wà, padà lé e lórí, dóméènì náà kò ní ṣí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, á sì rú yín lójú nítorí ó lè máa ṣí fún àwọn kan. Ẹ yọ DS kúrò, kí ẹ dúró títí àkókò tí wọ́n dá fún un á fi kọjá, kí ẹ tó yí nameserver. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní hstspreload.org pẹ̀lú: bó bá wà nínú àkójọ ibẹ̀, bùráúsà kò ní ṣí i láìsí HTTPS (ọ̀nà ìsopọ̀ tó ní ààbò), nítorí náà ìwé-ẹ̀rí TLS gbọ́dọ̀ wà lórí sáfà kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni síbẹ̀.

Ẹ nu gbogbo àkọsílẹ̀ DNS àtijọ́ (èyí tó ń sọ ibi tí ìkànnì àti ímeèlì dóméènì náà wà) rẹ́ pátá, kí ẹ má sì kó ọ̀kankan wọlé torí pé ẹ kò mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ fi SPF àti DMARC, àkọsílẹ̀ tó ń sọ ẹni tó lè fi ímeèlì ránṣẹ́ ní orúkọ dóméènì yín, sí i kí lẹ́tà àkọ́kọ́ tó jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ẹ̀kọ́ ìṣirò díẹ̀ sórí ìkànnì náà kí ẹ tó kọ̀wé pé kí wọ́n yí ìsọ̀rí oògùn padà, nítorí àwọn tó ń ṣe àtúnṣe náà máa ṣí i wò, ojú-ìwé òfìfo kò sì ní fún wọn ní ìdí láti kọ ẹ̀kọ́ síbẹ̀.